Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ Lórí Wáyà

Kò sí òṣìṣẹ́ kan ní oko ìjọba tó wà lójú ọ̀nà Odigbo tí kò mọ̀ pé ọmọ akọpẹ ni Lawrence, ọ̀gá sítọ́ọ̀. Kò sí bí wọn ò ṣe ní í mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún wọn láàárọ̀, tó tún ń sọ ọ́ lọ́sàn-án, tó sì ń fi adùn kún un bí òjò bá sé wọn mọ́ inú sítọ́ọ̀. Pius, bàbá rẹ̀, gun ọ̀pẹ ní Ajue fún ogójì ọdún láìjábọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí kì í ṣe irọ́. Ibi tí Lawrence ti máa ń ki ara rẹ̀ bọ̀ ọ́ ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Á ní kí òun tó pé ọmọ ọdún méjìlá ni òun ti ń gun ọ̀pẹ tí ọrùn ń dun àgbà láti wò. Á ní bí òun bá dé orí rẹ̀, òun á máa fi ọwọ́ kan gé ẹyìn, òun á sì máa fi èkejì juwọ́ sí àwọn tó wà nílẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi igbà kọ́ Lawrence nídìí rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Ó gòkè tó ìwọ̀n ewúrẹ́ tó fi ẹsẹ̀ méjì dúró, ó bojú wolẹ̀, òyì kọ́ ọ, ó bá gbá ọ̀pẹ mọ́ra. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò sọ̀. Wọ́n bú u, kò sọ̀. Níkẹyìn Pius ló ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọ ìgbín lára ògiri. Láti ọjọ́ yẹn ni Lawrence àti òkè ti pín gààrí.

Nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀, àkàbà kan wà tí wọ́n fi ń dé ibi tí wọ́n to oògùn kòkó sí lókè. Lawrence kò gùn ún rí. Límátù ló máa ń ránṣẹ́ pè, obìnrin Ore kan tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì máníjà. Àwáwí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ ìwé kò lè wà lókè kí ìwé wà nílẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Límátù fi ń ká ìró rẹ̀ mọ́ra gun àkàbà yẹn, tí Lawrence á dúró nísàlẹ̀, tí á máa sọ ìtàn ọ̀pẹ fún un. Obìnrin náà kì í jiyàn. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni, irú ẹ̀rín tí ọkùnrin máa ń rí tí á fi yẹ bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀ wò.

Ìgbà yẹn ni sójà ń ṣèjọba. Wọ́n ní ìwà pálapàla ti pọ̀ jù nílùú, wọ́n sì ń fi kòbókò kọ́ àwọn èrò Ore bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà kí wọ́n tó wọkọ̀. Mílíìkì di ọ̀wọ́n, ọṣẹ di ọ̀wọ́n, kẹrosíìnì di ohun tí à ń bá sùn bá jí kí a tó rí ìgò kan. Iṣẹ́ ìjọba pàápàá di àga tí èèyàn ń jókòó lé tagbára-tagbára kí wọ́n má baà fà á yọ nídìí ẹni. Ní oko ìjọba, ọ̀rọ̀ ti ń jà ràn-ìn pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kàn.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ìwé dé. Límátù ló tẹ̀ ẹ́, òun náà ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìjọba ní kí àwọn ọ̀gá kéékèèké àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ fi ọjọ́ mẹ́ta gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn sójà, létí odò Olúwa, lápá Agbabu, kí ara wọn lè le, kí ọkàn wọn sì gbó. Wọ́n á gun okùn, wọ́n á rìn lórí okùn, ní ìparí wọ́n á so wọ́n mọ́ wáyà kan, wọ́n á sì fò láti bèbè odò kan dé èkejì. Orúkọ Lawrence ló wà lókè pátápátá nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ L kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ábídí.

Lawrence ka ìwé náà dé ibi wáyà, ó padà, ó tún un kà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, bó ti máa ń yún un bí ó bá ṣáà ti gbọ́ orúkọ òkè. Límátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń sọ pé ẹni tí kò bá lè fo odò, ilé rẹ̀ ni yóò fò lọ. Ó ní ọkàn tòun balẹ̀ ṣá.

"Ẹ̀yin ni n óò tẹ̀ lé, Bàbá," ó wí. "Ẹni tó ti gun ọ̀pẹ Ajue, kí ni wáyà fẹ́ fi ṣe?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Lawrence gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Ó ní àyà òun ń lù kìkì, orúnkún ń ro òun, òun sì fẹ́ gba ìwé. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó fi irin tútù gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ kó fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó bá jókòó kọ̀wé gígùn kan. Lawrence kò tilẹ̀ kà á. Ayọ̀ ló fi pa á pọ̀, ló fi gbé e lé máníjà lọ́wọ́. Máníjà kà á sókè: ara ọkùnrin yìí le bí ọkọ̀ agbégẹdú, kò sí ibi tí ìjọba lè rán an tí kò ní í lè lọ. Àṣé lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹni tó ń wá gbàwé lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ìwé pé ara àwọn le ni wọ́n ń wá, kí wọ́n má baà yọ wọ́n níṣẹ́. Obìnrin náà ti rò pé oore ńlá lòun ṣe é.

Nígbà tí ìyẹn bàjẹ́, Lawrence bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó ní òun fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò kòkó. Hannah, ìyàwó rẹ̀, ń di púpurú àti ẹja gbígbẹ fún un, ó ń wò ó bó ti ń lọ tó ń bọ̀.

"Bàbá Elisha," ó wí, "ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ fi ń tiro nígbà tí ẹ wọlé. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí ẹ tó débẹ̀."

Ó mú ọ̀tún. Òun ló sì fi sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rí Rìlwánù, awakọ̀ oko náà, nígbà tí wọ́n dé etí odò lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bá àwọn sójà níbẹ̀ àti Sájẹ́ǹtì Yàhàyá, ọ̀gá wọn, ọmọ Ìlọrin kan tí àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, tí ohùn rẹ̀ sì ń dún kọjá odò. Okùn ló kún inú igbó. Wọ́n so ó láti igi dé igi, àwọn kan lọ sókè bí àkàbà, àwọn kan fẹ̀ bí àwọ̀n apẹja. Méjì wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni èèyàn á fi tẹ ti ìsàlẹ̀, ọwọ́ ni á fi di ti òkè mú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni igi àràbà ńlá kan wà létí bèbè, pẹpẹ pákó lókè rẹ̀, tí wáyà dúdú kan sì ti ibẹ̀ gba orí omi kọjá, títí ó fi wọ igbó lódìkejì.

Lawrence tiro lọ bá Sájẹ́ǹtì, ó fi ẹsẹ̀ han án, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ dẹ̀dẹ̀. Inú Sájẹ́ǹtì dùn. Ó ní ẹni tí kò lè rìn gan-an ni àwọn ń ta wáyà sílẹ̀ fún lójú ogun. Bí ọta bá ba èèyàn lẹ́sẹ̀, wáyà ni wọ́n fi ń gbé e kọjá omi. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ wáyà bá tó, arọ ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹsẹ̀ Lawrence ti san. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé afẹ́fẹ́ Agbabu ń wo egungun.

Ṣùgbọ́n orí ọ̀gá sítọ́ọ̀ kì í ṣe orí kékeré. Ó ti rí i pé okùn àti irin pọ̀ nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sún mọ́ Sájẹ́ǹtì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ohun ìjọba lèyí o, bí okùn kan bá sọnù nínú ọdún tí a wà yìí, ọrùn ta ni wọ́n á so ó mọ́? Sájẹ́ǹtì kò tíì rò ó débẹ̀. Ní wàrà, wọ́n gbé tábìlì kan fún Lawrence sábẹ́ igi, wọ́n fún un ní ìwé àti kálàmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye okùn tó jáde àti iye tó wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gun òkè, wọ́n ń jábọ́ sínú àwọ̀n. Máníjà há sójú àwọ̀n bí ẹja àrọ̀, ó di ẹni tí sójà méjì ń tú. Límátù wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, ó sì rìn lórí okùn láìṣe bí ẹni pé ó ń ṣe nǹkan kan, bí obìnrin tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù. Gbogbo ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá, tí á wo kálàmù, tí á wo Lawrence, tí á sì máa lọ.

Ẹni tó bá jókòó sójú kan fún ọjọ́ kan àtààbọ̀, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Ohun tí Lawrence rí ni pé Sájẹ́ǹtì Yàhàyá kì í gun nǹkan kan. Ìgbàkigbà tí ó bá yẹ kí ẹnìkan gòkè lọ tún okùn ṣe, ó máa ń rí sójà kékeré kan rán. Bí èèyàn bá dé àárín okùn, Sájẹ́ǹtì á fi ọwọ́ kan ìdí igi, á sì máa wo bàtà ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì túbọ̀ máa le sí i. Òógùn á yọ níwájú orí rẹ̀, nígbà tí oòrùn kò sì tíì mú. Lawrence mọ òógùn yẹn. Ó mọ wíwo bàtà yẹn. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pe Sájẹ́ǹtì kó wá bá òun jẹ púpurú. Ọmọ Ìlọrin náà kò jẹ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ebi kò mọ ìlú. Wọ́n ti jẹun dé ìdajì kí Lawrence tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í ní ìbéèrè kan.

"Sájẹ́ǹtì, láti ìgbà wo ni òyì ti ń kọ́ yín?"

Òkèlè dúró láàárín abọ́ àti ẹnu. Sájẹ́ǹtì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dá òkèlè padà sínú abọ́. Ìgbà tó ṣe, ó jẹ́wọ́. Ó ní awakọ̀ lòun wọ iṣẹ́ sójà ṣe. Bí ohùn òun ṣe ń dún ni wọ́n fi ń gbé òun ga, títí wọ́n fi fi iṣẹ́ okùn yìí lé òun lọ́wọ́, òun kò sì mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé orí àga gan-an lòun kì í lè gùn láti ta àwọ̀n ẹ̀fọn. Ó ní bí Méjọ̀, ọ̀gá òun àgbà, bá gbọ́, wọ́n á já ipò náà kúrò léjìká òun. Lawrence náà sọ tirẹ̀, láìfi kan pe méjì: ìtàn igbà, ìtàn ewúrẹ́, ìtàn ìka tí wọ́n ń tú. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n fi ọwọ́ bò mọ́ ẹnu, títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kí wọ́n tó fọwọ́ tán, wọ́n ti ṣe àdéhùn. Lawrence kò ní í sọ ohun tó rí. Sájẹ́ǹtì ní tirẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé Lawrence ti gun gbogbo okùn, ó sì ti fo wáyà. Inú Sájẹ́ǹtì wá dùn ju bó ti yẹ lọ. Dípò kó fi máàkì wẹ́wẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ọkùnrin yìí yẹ kó máa kọ́ àwọn tó kù.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé èsì náà fún Límátù kó fi ẹ̀rọ táípù àwọn sójà tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí Méjọ̀ ń bọ̀ wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Límátù tẹ orúkọ Lawrence, ó tẹ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó tẹ èkejì, ó dúró. Ó wo ọ̀gá sítọ́ọ̀ lábẹ́ igi, níbi tó ti ń ka okùn. Ó wo Sájẹ́ǹtì, níbi tó ti ń pariwo mọ́ igi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ ìyókù láìṣe àṣìṣe kan.

Nígbà tí Méjọ̀ dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo wọn tò sórí ìlà. Ó ní kí wọ́n ka èsì. Límátù kà á. Ó ń yára ka ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí Lawrence, ohùn rẹ̀ falẹ̀, ó sì ń dá mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan gbé kalẹ̀ bí ẹni ń to ẹyin. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn, nítorí kò sẹ́ni nínú wọn tó rí i kó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lanu níwájú Méjọ̀ nínú ọdún yẹn? Méjọ̀ mi orí. Ó ní òun fẹ́ rí akíkanjú yìí kó fò. Ó sì ní ó pẹ́ tí òun ti rí Sájẹ́ǹtì lẹ́nu iṣẹ́, kí òun náà gòkè, kí wọ́n jọ ṣe é.

Bí wọ́n ṣe gun àkàbà àràbà náà, kò sí nínú àwọn méjèèjì tó lè ròyìn rẹ̀ dáadáa. Lawrence kò rántí ju èèpo igi tó wà níwájú imú rẹ̀ lọ. Èèrà kan wà lórí rẹ̀ tó ń gòkè tirẹ̀ láìsí wàhálà, ó sì kórìíra èèrà náà. Nígbà tí wọ́n dé orí pẹpẹ, sójà kékeré tó wà níbẹ̀ so bẹ́líìtì mọ́ àwọn méjèèjì nídìí, ó fi irin oníkẹ̀kẹ́ kọ́ wáyà fún wọn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Lójú ẹsẹ̀, Lawrence gbá igi mọ́ra láti apá kan, Sájẹ́ǹtì gbá a mọ́ra láti apá kejì. Igi náà tóbi débi pé ìka wọn ni wọ́n kàn fi ń kan ara wọn.

"Bàbá," Sájẹ́ǹtì wí, ojú rẹ̀ pa dé, "ẹ̀yin ni àgbà. Àgbà ló ń ṣíwájú."

"Níbi oúnjẹ nìyẹn. Níbi iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá ló ń ṣíwájú."

"Àlejò ni à ń kọ́kọ́ tọ́jú."

"Ta ni àlejò? Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ la wà yìí. Ìwọ ọmọ Ìlọrin ni àlejò."

Lawrence kíyè sí i pé òun ti gbàgbé "ẹ̀yin" sójú ọ̀nà òkè. Nísàlẹ̀, Méjọ̀ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ náà bá a lójijì, ó ṣèèṣì la ojú, ó sì bojú wolẹ̀. Àwọn èèyàn kéré bí ẹ̀pà tí wọ́n sá síta. Ẹ̀pà kan ṣoṣo ló ń rìn láàárín wọn. Límátù ni. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu, ìwé èsì wà lọ́wọ́ kejì, ó sì ń lọ tààrà sọ́dọ̀ Méjọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́wọ́.

Lawrence mọ ohun tó fẹ́ lọ sọ. Ọ̀rọ̀ ti kọjá eré lójú obìnrin náà, ó ti rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi lókè réré, ẹ̀rù sì ti bà á. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Méjọ̀, tó sọ pé irọ́ ni mẹ́wàá wọ̀nyẹn, wọ́n á já ipò Sájẹ́ǹtì lójú gbogbo ayé. Wọ́n á bi Límátù léèrè ìdí tó fi ń fi Méjọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kòbókò sì wà nínú mọ́tò. Òun alára, ilé ni. Ìṣísẹ̀ ogún ló kù fún Límátù. Ó di mẹ́rìndínlógún.

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára igi ní ìka kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Ó sún ìdí lọ sí etí pẹpẹ, ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó di okùn mú, ó pa ojú dé, ó sì fi ìdí ti ara rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ayé.

Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe àdúrà. Ó fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ahọ́n ọ̀gá sítọ́ọ̀ láti ọdún pípẹ́ ló sáré jáde.

"Àdá, ogójì! Ọkọ́, ọgọ́ta! Garawa, méjìlá! Ọ̀kan ti lu!"

Irin ń hó lórí wáyà, atẹ́gùn wọ inú ẹ̀wù rẹ̀ ó sì sọ ọ́ di agboòrùn, ó ń ka sítọ́ọ̀ lọ. Nígbà tó dé orí oògùn kòkó, ó la ojú kan. Omi dúdú wà nísàlẹ̀, oòrùn fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé àjẹ̀ sókè, tó ń wò ó bí ẹni rí ewúrẹ́ tó ń fò. Lawrence yẹ ara rẹ̀ wò kó mọ̀ bóyá ẹ̀rù ti lọ. Kò lọ. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀ pérépéré, ó kàn jẹ́ pé kò rí ibi dì mú ni. Ó la ojú kejì. Ó juwọ́ sí obìnrin náà.

Nítorí pé ó ń juwọ́, ó gbàgbé pé wọ́n ní kí wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n bá dé òdìkejì. Níbẹ̀, bó ti rí káàkiri Agbabu, ọ̀dà dúdú máa ń sun láti inú ilẹ̀, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta sì ti yọ́ ọ. Lawrence fi gìgísẹ̀ tulẹ̀, ó fi ìdí jókòó sínú ọ̀dà, ó sì fi ìdí náà rìn tó ọ̀pá márùn-ún kó tó dúró. Ariwo ayọ̀ sọ lódìkejì. Ó wo ẹ̀yìn. Límátù ti dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí Méjọ̀, ìwé sì ti wọ abẹ́ apá rẹ̀.

Ó ku Sájẹ́ǹtì. Kò kúrò lára igi. Lawrence fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó sì kígbe kọjá omi.

"Yàhàyá, má wo ilẹ̀. Èmi ni kí o wò. Mo jókòó síbí, n kò kú."

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan ńlá kan já bọ́ láti orí pẹpẹ, ó sì ń bọ̀ láìsọ̀rọ̀ rárá, bí ẹrù tí wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ Lawrence. Kò ká ẹsẹ̀ sókè bákan náà. Ó gbé Lawrence tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, àwọn méjèèjì sì tún padà sínú ọ̀dà. Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn padà, Méjọ̀ kò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ nítorí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó kí wọn. Ó bi Sájẹ́ǹtì léèrè pé igbe ogun wo ni ọkùnrin náà ń ké. Sájẹ́ǹtì dúró ṣánṣán, ó ní oríkì àwọn jagunjagun Ìkálẹ̀ ni. Méjọ̀ mú ìwé kékeré jáde, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ oko, tí wọ́n mọ iye àdá tó wà ní sítọ́ọ̀, ń wo ojú ọ̀run.

Nínú lọ́rí tó ń gbé wọn padà sí Ore, Límátù wá jókòó ti Lawrence. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọdún mẹ́fà tí òun fi gun àkàbà fún un ló ń ro òun lọ́kàn, òun kò mọ̀ pé eré yóò di igi àràbà. Lawrence ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀pẹ kankan, òun kò gun ọ̀kan rí. Límátù ní òun ti mọ̀, ó ti tó ọdún márùn-ún.

"Ohun kan tún wà, Bàbá," ó wí. "Ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó ti wà nínú àpótí tábìlì mi kí a tó gbọ́ nípa okùn kankan. Orúkọ yín kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀ tí ẹ kò fò, kò sí ohun tí ì bá ṣe yín."

Lawrence fẹ́ bínú. Ó fẹ́ dìde dúró kó lè bínú dáadáa. Kò lè dìde. Ọ̀dà ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti gan, ó ti di òun àti bẹ́ńṣì lọ́rí pọ̀, bí ìgbà tí káfíńtà bá lo àtè.

Nígbà tí wọ́n dé Ore, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, ó ku Lawrence nìkan lókè, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ọba. Rìlwánù bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀, òun fẹ́ lọ sílé. Àlàyé di púpọ̀. Límátù ní kẹrosíìnì ló lè tú ọ̀dà, ó bá mú ìgò, ó lọ tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ogójì èèyàn ló wà níwájú rẹ̀.

Hannah ló kọ́kọ́ dé. Ẹnìkan ti sáré lọ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ wà nínú lọ́rí tí kò sọ̀. Ó gun lọ́rí náà, ó wo iwájú Lawrence, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo fò, Ìyá Elisha," Lawrence wí.

"Ṣé ẹ̀rù bà yín?"

"Ó bà mí débi pé mo ka gbogbo sítọ́ọ̀."

Hannah yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ obìnrin tó ń bẹ ọsàn lẹ́bàá títì, ó ní kí Rìlwánù yíjú sẹ́yìn, ó sì gé ṣòkòtò náà yí ọkọ rẹ̀ po. Ó tú ọ̀kan nínú ìró méjì tó ró, ó ró o fún un. Báyìí ni ọ̀gá sítọ́ọ̀ ṣe gba àárín Ore kọjá lọ sílé nínú ìró òdòdó, tó ń dáhùn ìkíni àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì, tí ìyàwó rẹ̀ sì gbé àpò rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó tó wákàtí kan lẹ́yìn náà kí Límátù tó dé pẹ̀lú ìgò kẹrosíìnì. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú lọ́rí. Ìdí ṣòkòtò kan ló bá lórí bẹ́ńṣì, ó lẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Ó dúró wò ó títí. Ó wo kẹrosíìnì ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìborùn bo ìgò náà, ó sì gbé e lọ sílé ara rẹ̀, nítorí lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó ń fi kẹrosíìnì ṣòfò.